Bí ẹ bá ń lọ sí Kraków àti Auschwitz: ẹ kọ́kọ́ dé ibi tí àwọn Júù gbé

Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú láti Ìlú Ọba sí Kraków, ní ilẹ̀ Pólándì, kì í wọ́n bí èèyàn bá tètè rà á. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn wa tó wà ní London àti Manchester fi máa ń sáré lọ síbẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò ju báyìí lọ: wọ́n á balẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀, bọ́ọ̀sì á gbé wọn lọ sí Auschwitz, àgọ́ ikú tí àwọn ará Jámánì dá sílẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n á yà sí ọjà ní ọjọ́ Àìkú, ó di ilé. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí, wọ́n á ní àwọn rí ibi tí wọ́n ti pa àwọn Júù. Òótọ́ ni. Àmọ́ àwọn wo gan-an ni wọ́n pa? Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe, ta ni rábì wọn, níbo ni wọ́n ti ń ra adìẹ ọjọ́ ìsinmi? Wọn ò lè sọ, nítorí ibi ikú nìkan ni wọ́n lọ.

Ètò tí mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí yàtọ̀ síyẹn. Ẹ lọ sí Kazimierz, àdúgbò tí àwọn Júù Kraków ń gbé tẹ́lẹ̀, kí ẹ tó lọ sí Auschwitz, bó bá tiẹ̀ jẹ́ ìdajì ọjọ́ péré lẹ ní fún un. Gbogbo ohun tó kù, orí ìyẹn ló dúró lé.

Ẹ mú ọjọ́ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kókó ọ̀rọ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tí oòrùn bá ti ń wọ̀ títí di alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ ìsinmi àwọn Júù ni. Sínágọ́gù tí wọ́n ṣì ń gbàdúrà nínú rẹ̀ kò ní ṣílẹ̀kùn fún àlejò tó wá wòran, itẹ́ òkú wọn náà kò ní ṣí. Ṣùgbọ́n ilé ìrántí Auschwitz ń ṣí ní Àbámẹ́ta. Ẹni tó bá lè balẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ètò rẹ̀ ti tò: Kazimierz ní òwúrọ̀ Jímọ̀, Auschwitz ní Àbámẹ́ta, Podgórze ní òdìkejì odò ní ọjọ́ Àìkú.

Ẹ wo kàlẹ́ńdà àwọn Júù pẹ̀lú. Nígbà Ìrékọjá, ní oṣù Kẹta tàbí Kẹrin, àti nígbà Rosh Hashanah (ọdún tuntun wọn) àti Yom Kippur (ọjọ́ ètùtù wọn), ní oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ni ẹ máa bá ní títì. Auschwitz fúnra rẹ̀ kì í ṣí ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní, ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá àti ọjọ́ Àìkú Àjíǹde. Ọjọ́ 27 oṣù Kìíní, tí àwọn ọmọ ogun Soviet tú àgọ́ náà sílẹ̀ ní 1945, ayẹyẹ ìrántí máa ń wà níbẹ̀, àwọn olórí orílẹ̀-èdè sì máa ń wá, nítorí náà kì í ṣe ọjọ́ ìbẹ̀wò fún irú àwa wọ̀nyí. Ọjọ́ kan tún wà ní oṣù Kẹrin tàbí ìkarùn-ún tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ Júù máa ń fẹsẹ̀ rìn láti Auschwitz dé Birkenau, apá kejì àgọ́ náà. Ẹ yẹra fún ọjọ́ náà.

Ní ti ojú ọjọ́, oṣù Karùn-ún tàbí ìparí oṣù Kẹsàn-án ni mo fara mọ́. Òtútù oṣù Kìíní níbẹ̀ kì í ṣe ti ọyẹ́ Ọ̀yọ́ o. Ilẹ̀ gbalasa ni Birkenau, kò sí ibi tí èèyàn máa sá sí bí atẹ́gùn bá dé.

Físà, owó àti ìwé

Bó bá jẹ́ pásípọ́ọ̀tì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ ní, kò sí wàhálà físà fún ìbẹ̀wò tí kò ju 90 ọjọ́ lọ láàárín 180 ọjọ́. Bó bá jẹ́ ti Nàìjíríà, ẹ nílò físà Schengen, ìbáà jẹ́ Ìbàdàn lẹ ń gbé tàbí Peckham. Káàdì tí ìjọba Ìlú Ọba fi gbà yín láàyè láti máa gbé ọ̀dọ̀ wọn kò ṣí ilẹ̀kùn Pólándì. Owó físà àgbàlagbà jẹ́ 90 yúrò láti ọdún 2024. Wọ́n á béèrè ìwé insọ́ráǹsì ìrìn àjò tó lè san ó kéré tán 30,000 yúrò, ibi tí ẹ máa sùn, àti ẹ̀rí pé ẹ máa padà sílé. Òfin gbà kí ẹ kọ̀wé béèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò títí di ọjọ́ 15 ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá dúró de ọjọ́ 15 yẹn ń fi tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Złoty ni owó wọn, kì í ṣe yúrò. Káàdì báńkì ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo, kí ẹ má sì pààrọ̀ owó púpọ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, nítorí wọ́n máa ń yọ́ èèyàn jẹ níbẹ̀.

Káàdì ìwọlé Auschwitz

Ohun tó ń bà ìrìn àjò jẹ́ jù nìyí, nítorí náà ẹ ṣe é ní kété tí ẹ bá ti mú ọjọ́, kí ẹ tó san owó hòtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé. Ẹni tó bá fẹ́ kí amọ̀nà ilé ìrántí náà mú òun yí ká ló máa sanwó. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kò túmọ̀ sí pé ẹ lè já wọlé: káàdì pọn dandan, orúkọ yín á wà lára rẹ̀, aago yín náà á wà níbẹ̀, wọ́n á sì fi pásípọ́ọ̀tì yín wé e. Visit.auschwitz.org ni ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn fúnra wọn ń lò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, káàdì tó ní amọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì máa ń tán kíákíá, ti òpin ọ̀sẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ tán.

Ẹ gba amọ̀nà. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní àwọn á kàn ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri. Níbí, ẹni tí kò ní amọ̀nà á máa wo bíríkì pupa, á rò pé bárékè sójà lásán ni. Bárékè náà sì ni Auschwitz àkọ́kọ́ tẹ́lẹ̀, ti àwọn ọmọ ogun Pólándì, kí ogun tó dé.

Àwọn aṣojú pọ̀ ní Kraków tó ń ta ìrìn àjò àkópọ̀: ọkọ̀, amọ̀nà àti káàdì pọ̀. Wọ́n rọrùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ní káàdì tó jẹ́ orúkọ yín lọ́wọ́, tàbí wọ́n ṣì ń wá a. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n máa sọ fún yín pé aago márùn-ún ìdájí ni ọkọ̀ máa gbéra.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ní Kazimierz

Ọba Kazimierz Kẹta ló dá ìlú yìí sílẹ̀ ní 1335, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ pè é. Ìlú ọ̀tọ̀ ni nígbà náà. Ní 1495, Ọba Jan Olbracht lé àwọn Júù kúrò ní Kraków, wọ́n sì ṣí wá síbí. Ó lé ní irínwó ọdún tí wọ́n fi gbé níbẹ̀, tí wọ́n bí, tí wọ́n rẹ̀. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, bí ẹ bá rí èèyàn mẹ́rin ní Kraków, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ Júù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní òpópó Szeroka, tó fẹ̀ tó fi jọ pápá ọjà. Sínágọ́gù Àtijọ́ wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni báyìí, ó sì dára fún ẹni tí kò tíì rí inú sínágọ́gù rí láti mọ ibi tí wọ́n ti ń ka Tórà àti ibi tí àpótí rẹ̀ máa ń wà. Lẹ́yìn náà kí ẹ padà sí àárín òpópó náà, sí sínágọ́gù Remuh. Èyí kì í ṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n ṣì ń jọ́sìn níbẹ̀. Ọkùnrin ò gbọdọ̀ wọlé láìbo orí. Fìlà yín tó o, ìbáà jẹ́ abetí-ajá, bí ẹ ò bá sì ní, wọ́n á fún yín ní fìlà pẹlẹbẹ lẹ́nu ọ̀nà. Kí obìnrin bo èjìká.

Ẹ̀yìn sínágọ́gù náà ni itẹ́ òkú wà, ibẹ̀ sì ni mo ní kí ẹ ti fara balẹ̀. Rábì Moses Isserles, tó kú ní 1572, ni wọ́n sin síbẹ̀. Àlàyé tó ṣe sórí ìwé òfin ni àwọn Júù tí baba wọn wá láti Pólándì àti agbègbè rẹ̀ ṣì ń tẹ̀ lé dòní, yálà Brooklyn ni wọ́n wà tàbí Jerúsálẹ́mù. Ẹ máa rí òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò sórí ibojì. Òkúta ni wọ́n ń fi bọ̀wọ̀ fún òkú, kì í ṣe òdòdó. Ẹ̀yin náà lè mú ọ̀kan nílẹ̀ kí ẹ gbé e lé e. Ẹ tún máa rí ìwé ká-ká-ká tí wọ́n fi sí ẹ̀bá ibojì rábì náà. Ẹ má ṣí i kà, àdúrà oní-àdúrà ni. Bí ẹ bá sì rí ọkùnrin Júù kan tó dúró síta tí kò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé, ẹ má fi pè é ní ọ̀lẹ: àwọn ìdílé Árónì kì í wọ itẹ́ òkú, èèwọ̀ wọn ni.

Àwọn Násì, ẹgbẹ́ Hitler tó ń ṣàkóso Jámánì nígbà ogun, sọ itẹ́ òkú yìí di ààtàn. Òkúta ibojì tó fọ́ tí wọ́n rí kó jọ lẹ́yìn ogun, wọ́n mọ wọ́n sára ògiri kan: níbí lẹ́tà Hébérù mẹ́ta, lọ́hùn-ún ìdajì kìnnìún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ọwọ́ méjì tó nà bí ti àlùfáà tó ń súre. Ẹ sún mọ́ ògiri náà.

Bí ẹ bá jáde, ẹ máa wo òpó ẹnu ọ̀nà àwọn ilé, lápá ọ̀tún bí ẹni tó ń wọlé. Diutarónómì orí kẹfà pa á láṣẹ kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sára òpó ilé. Àwọn Júù máa ń kọ ọ́ sínú awọ kékeré, wọ́n á sì kàn án mọ́ òpó náà ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti lọ, ṣùgbọ́n lára àwọn òpó kan ẹ ṣì máa rí ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tó dàgẹ̀rẹ̀, tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, tí wọ́n ti fi ọ̀dà kùn lé lórí léraléra. Kò sí àkọlé kankan níbẹ̀. Ojú yín ló máa rí i.

Ẹ̀yin tó ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń ra adìẹ, ẹ lọ sí Plac Nowy. Ilé rìbìtì tó wà láàárín ọjà náà ni wọ́n ti ń pa adìẹ fún àwọn Júù ní ìlànà òfin oúnjẹ wọn kí ogun tó dé. Lónìí, ojú fèrèsé rẹ̀ ni wọ́n ti ń ta zapiekanka, búrẹ́dì gígùn tí wọ́n fi olú àti wàràkàṣì sí, tí wọ́n sì yan. Ó ń yó èèyàn, kò wọ́n, kò sì ní ata rárá, kí ẹ yáa mú ata yín dání.

Àwọn ilé oúnjẹ tó wà ní Szeroka máa ń kọ Hébérù sára pátákó, wọ́n á gbé àwọn onígòjé síta. Ẹ jẹun níbẹ̀ bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ilé Júù lẹ ti jẹun. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe oúnjẹ tí òfin Júù gbà. Àwọn Júù tó ṣì ń gbé Kraków, tí wọn ò pọ̀, ní ilé ìpàdé tiwọn ní òpópó Miodowa, tí wọ́n ṣí ní 2008. Nǹkan kan tún wà tí ẹ máa rí ní ṣọ́ọ̀bù: ère Júù kékeré tó di owó ẹyọ mú, tí wọ́n ní ó ń fa ọlà wọlé. Ẹ má rà á. Ẹ̀sùn pé owó nìkan ni àwọn Júù mọ̀ jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí wọ́n fi sọ wọ́n di ọ̀tá láwùjọ, kò sì yẹ kó bá yín dé pálọ̀ ilé.

Podgórze

Afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan wà tó gba orí odò Vistula kọjá láti Kazimierz. Ní oṣù Kẹta 1941, òdìkejì odò yẹn ni àwọn ará Jámánì kó àwọn Júù lọ, wọ́n mọ odi yí wọn ká: nǹkan bíi 15,000 èèyàn ní ibi tí 3,000 ń gbé tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ 13 àti 14 oṣù Kẹta 1943 ni wọ́n tú u ká. Wọ́n kó àwọn tó lè ṣiṣẹ́ lọ sí àgọ́ Płaszów, wọ́n pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù lójú pópó, wọ́n sì kó àwọn yòókù lọ sí Auschwitz.

Àwọn àga irin ńlá tó ṣófo ni wọ́n tò kálẹ̀ sí Plac Bohaterów Getta, nítorí àga àti àpótí tí àwọn èèyàn náà fi sílẹ̀ ló kún ibẹ̀ nígbà tí wọ́n kó wọn lọ. Ní igun pápá náà ni ilé egbòogi Tadeusz Pankiewicz wà. Kì í ṣe Júù, ó sì kọ̀ láti kó ilé egbòogi rẹ̀ kúrò nígbà tí wọ́n mọ odi yí àdúgbò náà ká. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré ni báyìí, wákàtí kan ti tó. Ẹ rìn dé òpópó Lwowska kí ẹ rí ohun tó kù lára odi náà. Òkè rẹ̀ rí róbótó róbótó bí òkúta ibojì. Bí wọ́n ṣe mọ ọ́n nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ Oskar Schindler, ará Jámánì tó gba ọ̀pọ̀ Júù tó ń ṣiṣẹ́ fún un là, wà ní Lipowa 4, ó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 2010. Nítorí fíìmù Schindler's List, gbogbo ayé ló ń rọ́ lọ síbẹ̀, nítorí náà ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má retí ìtàn Schindler nìkan, bí Kraków ṣe rí lábẹ́ àwọn ará Jámánì láti 1939 sí 1945 ni ó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ọjọ́ Auschwitz

Ó tó nǹkan bíi 65 kìlómítà láti Kraków. Bọ́ọ̀sì máa ń gbéra ní gáréèjì tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ rélùwé ńlá, ó ń gbà tó wákàtí kan àti ààbọ̀. Rélùwé náà ń lọ, ṣùgbọ́n ìbùdó Oświęcim, ìlú tí àgọ́ náà wà, jìnnà díẹ̀ sí ilé ìrántí, ẹ máa rìn tàbí kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì ìgboro. Ẹ dé ní ìdajì wákàtí ṣáájú aago tó wà lórí káàdì yín, nítorí wọ́n á yẹ ẹrù wò bíi ti pápákọ̀ òfuurufú. Àpò ńlá kò wọlé; àpò kékeré tó gba omi, pásípọ́ọ̀tì àti fóònù nìkan ni kí ẹ gbé. Bàtà tó rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe bàtà òde. Ó kéré tán, wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ lẹ máa fi rìn.

Nípa ọmọdé, ilé ìrántí náà fúnra rẹ̀ kò gbani nímọ̀ràn kí ọmọ tí kò tíì pé 14 wá. Mo fara mọ́ ọn. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní Kraków pẹ̀lú àǹtí wọn.

Ẹ mọ iye náà kí ẹ tó wọlé, kó má bàa dàrú mọ́ yín lójú níbẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.3 èèyàn ni wọ́n kó wá síbí láàárín 1940 sí 1945. Wọ́n pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.1 nínú wọn, mílíọ̀nù kan nínú àwọn yìí sì jẹ́ Júù. Wọ́n tún pa àwọn ará Pólándì, àwọn Roma (ẹ̀yà kan ní Yúróòpù, kì í ṣe ará Róòmù) àti ọmọ ogun Soviet tí wọ́n mú lóǹdè. Bí ẹ bá sì ń sọ̀rọ̀ lójú àwọn ará ibẹ̀, ẹ má pè é ní àgọ́ Pólándì. Àgọ́ àwọn ará Jámánì ni, lórí ilẹ̀ Pólándì tí wọ́n gbà. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn wọ́n gan-an.

Ní Block 4, ọ̀kan lára àwọn ilé bíríkì náà, irun orí àwọn obìnrin ló kún inú gíláàsì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù méjì. Wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni ya fọ́tò nínú yàrá yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni nínú àjàalẹ̀ Block 11. Ní Block 5 ni àwọn bàtà, àwọn ìkòkò àti àwọn àpótí ìrìn àjò wà. Amọ̀nà máa ń yára níbí nítorí ẹgbẹ́ mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ dá ẹsẹ̀ dúró kí ẹ ka àpótí kan. Ẹni tó ni ín ló fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ sí i, nítorí ó rò pé òun máa wá gbà á padà. Ẹni tó ti rí ògiri Remuh á mọ irú ilé tí wọ́n ti di ẹrù yẹn. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè yà sí Block 27, níbi tí ìwé ńlá kan ti ní orúkọ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin.

Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ló ń gbé èèyàn lọ sí Birkenau, tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta. Ibẹ̀ ni ojú irin tó wọ inú àgọ́ wà. Láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje 1944 nìkan, nǹkan bíi 430,000 Júù ni wọ́n kó wá láti Hungary, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni wọ́n kó tààrà lọ sí iyàrá gáàsì. Ní ìpẹ̀kun ojú irin ni àwókù ilé méjì tí wọ́n ti ń fi gáàsì pa èèyàn tí wọ́n sì ń sun òkú wà. Àwọn Násì fọ́ wọn ní oṣù Kìíní 1945 kí àṣírí má bàa tú. Ẹ má tẹ orí wọn. Ẹ má dúró lórí ojú irin kí wọ́n yà yín ní fọ́tò pẹ̀lú ẹ̀rín, mo sọ ọ́ nítorí mo ti rí àwọn tiwa tó ń ṣe é.

Ẹ̀yin tó bá ẹgbẹ́ ìjọ lọ, ẹ dárí jì mí, ẹ má gbé àdúrà alágbára síbẹ̀. Kò sí ìpàtẹ́wọ́, kò sí òróró, kò sí orin. Bó bá di dandan kí ẹ gbàdúrà, kí ó jẹ́ nínú ọkàn. Itẹ́ òkú tí kò ní ibojì ni ibi tí ẹ wà, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn òkú náà sì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, tí wọ́n wá ṣọ̀fọ̀ ní ìlànà tiwọn.

Ẹ má so ìpàdé tàbí òde mọ́ alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìlú Oświęcim fúnra rẹ̀ kò jìnnà, ọ̀pọ̀ kì í dúró níbẹ̀. Ó lé ní ìdajì àwọn ará ìlú náà tó jẹ́ Júù kí ogun tó dé; sínágọ́gù kan ló ṣẹ́kù, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún ṣí i ní 2000. Àmọ́ kì í ṣí ní Àbámẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kí ó gbé Auschwitz sí ọjọ́ Àìkú, kí ó sì fi Àbámẹ́ta lọ sí Podgórze.

Bí ọjọ́ méjì bá ṣẹ́kù

Rélùwé láti Kraków dé Warsaw kò ju nǹkan bíi wákàtí méjì àti ààbọ̀ lọ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé POLIN, tó sọ ìtàn ẹgbẹ̀rún ọdún àwọn Júù ní Pólándì, wà lórí ilẹ̀ gẹ́tò àtijọ́, àdúgbò olódi tí wọ́n há àwọn Júù mọ́ bíi ti Podgórze. Ẹ má da ìjà méjì pọ̀: àwọn Júù inú gẹ́tò dìde ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin 1943, ìjà tí gbogbo ìlú Warsaw jà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ 1944. Ọmọ Èkó kan wà nínú ìjà kejì yìí. August Agboola Browne ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1895 ni wọ́n bí i, ó sì ń lu ìlù jazz ní àwọn ilé ìgbafẹ́ Warsaw kí ogun tó dé. Nínú fọ́ọ̀mù tó kọ ní 1949 láti wọ ẹgbẹ́ àwọn ológun àtijọ́, ó ní òun jà ní 1944, Ali sì ni orúkọ ìjà òun. London ló kú sí ní 1976. Wọ́n gbé òkúta ìrántí kékeré kan kalẹ̀ fún un ní àárín ìlú Warsaw ní 2019, òkúta náà kéré débi pé ẹni tí kò bá fi máàpù fóònù wá a á kọjá lára rẹ̀.

POLIN kì í ṣí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, itẹ́ òkú Júù tó wà ní òpópó Okopowa sì máa ń tì ní Àbámẹ́ta. Bí ẹ bá ń kúrò ní Kraków ní ìrọ̀lẹ́ Àìkú tàbí òwúrọ̀ Ajé, méjèèjì á ṣeé ṣe ní ọjọ́ Ajé.